Mọ́tò Tó Ń Mí: Ìtàn Bí Wọ́n Ṣe Ń Mọ Àìsàn Inú Rótọ̀

Mo mọ ohun tí ẹ ń retí lọ́wọ́ mi: ọ̀rọ̀ àmì ohùn, ọ̀rọ̀ ìpajẹ, ọ̀rọ̀ bí àwọn oníròyìn ṣe ń ba gbólóhùn jẹ́. Ti òní yàtọ̀. Mọ́tò iná ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí. Kì í ṣe mọ́tò tí à ń wọ̀ lọ sí Ìbàdàn. Èyí tó ń yí pọ́ǹpù omi, tó ń yí ẹ̀rọ ìlọta, tó ń yí ẹ̀rọ ilé búrẹ́dì ni mo ń wí. Ẹ má tíì rẹ́rìn-ín. Bí ẹ bá fara balẹ̀ kà á dé ìsàlẹ̀, ẹ óò rí i pé ọ̀rọ̀ ohùn náà la ṣì ń sọ.

Gbèsè kan ló mú mi kọ ọ́. Ó ti lé ní ogún ọdún báyìí. Níbì kan tí mo ti ṣiṣẹ́ rí, wọ́n fi mí sínú ìgbìmọ̀ kékeré tó ń rí sí omi ilé àwọn òṣìṣẹ́. Pọ́ǹpù ńlá kan ló ń ti omi lọ sí táǹkì orí òkè. Mọ́tò rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gbóná, omi kò sì gòkè dáadáa mọ́. Ọkùnrin àgbàlagbà kan ló ń tọ́jú rẹ̀, Bàbá Oníná ni gbogbo wa ń pè é. Bàbá gbé ẹnu sukurudíráfà lé ara mọ́tò náà, ó fi etí ti ìdí rẹ̀, ó dijú. Ó ní, “Ọ̀gá, mọ́tò yìí ń mí. Kì í ṣe kọ́ìlì rẹ̀ ló ń ṣe é o. Ọmọ inú rẹ̀ ni.” A bi í pé kí ló ń jẹ́ pé mọ́tò ń mí. Ó ní, “Ó ń mí ni, sà. Ẹ gbọ́ ọ: hùn-ùn, hùn-ùn, hùn-ùn.” Ẹnìkan nínú wa béèrè pé ṣé ó ti lóyún ni, tó fi ní ọmọ nínú? Gbogbo wa bú sẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín, èmi tí mo máa ń sọ fún yín nínú kíláàsì pé kí ẹ kọ́kọ́ fetí sílẹ̀ kí ẹ tó mú bírò.

A gbé mọ́tò fún àwọn tó ń wé kọ́ìlì. Wọ́n wé e tuntun, a sanwó. Kò pé oṣù mẹ́ta tó tún bẹ̀rẹ̀. A tún wé e, a tún sanwó. Ìgbà kẹta ni ọmọkùnrin tó ń bá wa ṣe é fa rótọ̀ yọ pátápátá, ó nu gíríìsì ara rẹ̀ kúrò, ó sì fi hàn wá: ọ̀pá mẹ́ta ti kán níbi tí wọ́n ti so mọ́ òrùka ẹ̀gbẹ́, ojú ibẹ̀ dúdú bí ìdí ìkòkò. Nígbà yẹn Bàbá Oníná ti fẹ̀yìn tì, ó ti padà sí ìlú rẹ̀. Kò sẹ́ni tó ránṣẹ́ sí i nínú wa pé, “Bàbá, òótọ́ lẹ sọ.”

Láti ìgbà yẹn ni mo ti ń ka ohun tí mo bá rí kà nípa nǹkan tí Bàbá gbọ́ lọ́jọ́ náà. Mo bi àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ léèrè, wọ́n sì fi sùúrù dá mi lóhùn. Ìtàn tí mo kó jọ nìyí.

Àgò ọ̀kẹ́rẹ́

Ní nǹkan bí ọdún 1824, François Arago, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ọmọ ilẹ̀ Faransé, rí ohun ìyanu kan. Ó fi abẹ́rẹ́ òòfà kọ́ sókè àwo bàbà, ó wá ń yí àwo náà. Abẹ́rẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í yí tẹ̀ lé àwo. Bẹ́ẹ̀ gbogbo wa la mọ̀ pé òòfà kì í fa bàbà. Ọ̀rọ̀ náà dojú rú títí di 1831, nígbà tí Michael Faraday ní Lọ́ńdọ̀nù fi hàn pé bí òòfà bá ń kọjá lára bàbà, tàbí bí bàbà bá ń kọjá lára òòfà, iná á máa ṣàn nínú bàbà náà láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni so wáyà mọ́ ọn. Iná yẹn á sọ bàbà di òòfà fúngbà díẹ̀. Ìyẹn ni òòfà méjì fi ń fa ara wọn.

Ní 1879, Walter Baily, ní Lọ́ńdọ̀nù kan náà, yí ọ̀rọ̀ náà padà. Òòfà oníná mẹ́rin ló tò sábẹ́ àwo bàbà. Kò yí òòfà kankan. Ńṣe ló ń fọwọ́ gbé iná láti orí ọ̀kan dé orí èkejì. Àwo bàbà ń yí. Ohun tí Baily fọwọ́ ṣe yìí ni Galileo Ferraris ní ìlú Turin ní Ítálì, àti Nikola Tesla ní Amẹ́ríkà, jẹ́ kí iná tó ń lọ tó ń bọ̀ máa ṣe fúnra rẹ̀, olúkúlùkù lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Ọdún 1888 ni àwọn méjèèjì gbé iṣẹ́ wọn jáde, Ferraris ní oṣù Kẹta, Tesla ní oṣù Karùn-ún. Ferraris rò pé irú mọ́tò bẹ́ẹ̀ kò lè wúlò fún iṣẹ́ ńlá. Tesla kò rò bẹ́ẹ̀, ilé iṣẹ́ Westinghouse náà kò rò bẹ́ẹ̀, wọ́n ra ẹ̀tọ́ rẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀.

Ẹni tó fún mọ́tò yìí ní ara tó ní títí dòní ni Mikhail Dolivo-Dobrovolsky, ọmọ Rọ́ṣíà tó ń ṣiṣẹ́ fún AEG ní Berlin. Ní 1889 ó fi iná tí ó pín sí ọ̀nà mẹ́ta, tí à ń pè ní féèsì mẹ́ta, ṣiṣẹ́, ó sì ṣe rótọ̀ kan tí kò ní wáyà rárá. Ọ̀pá bàbà ni ó tò yí irin ká, ó wá fi òrùka so orí gbogbo wọn pọ̀ ní ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún àti ní ẹ̀gbẹ́ òsì. Bí ẹ bá yọ irin àárín kúrò, bí àgò tí wọ́n ń kó ọ̀kẹ́rẹ́ sí ló rí, orúkọ tí àwọn òyìnbó sì ń pè é nìyẹn: àgò ọ̀kẹ́rẹ́. Ní 1891, níbi ìpàtẹ ńlá kan ní Frankfurt, wọ́n fa iná wá láti ìlú Lauffen, ìrìn kìlómítà 175, mọ́tò Dobrovolsky sì fi iná náà fa omi lọ sókè fún ìṣàn omi àtọwọ́dá tí àwọn èèyàn wá ń wò. Ẹ ṣàkíyèsí i: iṣẹ́ pọ́ǹpù omi, irú èyí tó bà wá nínú jẹ́ yẹn, ni wọ́n fi fi mọ́tò yìí han ayé.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe ń ṣiṣẹ́, nítorí láìsí èyí ọ̀rọ̀ Bàbá Oníná kò ní yé wa. Ara mọ́tò tó dúró sójú kan ni sítétọ̀, ibẹ̀ ni kọ́ìlì wà. Féèsì mẹ́ta ń gba agbára lẹ́nu ara wọn bí onílù mẹ́ta tó ń dá ara wọn lóhùn: bí ọ̀kan bá ti ń rọlẹ̀, èkejì á ti gbà á. Nítorí náà òòfà inú sítétọ̀ dà bí ẹni tó ń sáré yípo. Lórílẹ̀-èdè wa, iná ń lọ tó ń bọ̀ nígbà 50 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, ìyẹn 50 Hz. Nínú mọ́tò olórí òòfà mẹ́rin, irú ti pọ́ǹpù wa, òòfà yìí á sáré yípo nígbà 1500 ní ìṣẹ́jú kan. Rótọ̀ ń lé e. Ṣùgbọ́n kò gbọ́dọ̀ bá a láéláé. Bó bá bá a, òòfà kò ní máa kọjá lára ọ̀pá mọ́, iná inú ọ̀pá á kú, agbára á tán. Ohun tí wọ́n kọ sára mọ́tò wa ni 1470. Ó fi 30 rẹ̀yìn nínú 1500, ìyẹn ìdá méjì nínú ọgọ́rùn-ún. Ìfàsẹ́yìn ni ẹ jẹ́ ká pè é. Nítorí ìfàsẹ́yìn yìí, iná inú ọ̀pá rótọ̀ kì í yára bíi ti ìta. Ìdá méjì nínú ọgọ́rùn-ún 50 ni, ìyẹn ẹ̀ẹ̀kan péré ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Ẹ fi nọ́ńbà yìí sọ́kàn.

Ìṣirò tí kò rí ọ̀pá tó kán

Bí mọ́tò ṣe dé, àwọn onímọ̀ ìṣirò dé. Charles Steinmetz, tó sá kúrò ní Jámánì lọ sí Amẹ́ríkà, fi hàn ní 1893 níbi àpérò kan ní Chicago bí a ṣe lè fi nọ́ńbà alápá méjì ṣírò iná tó ń lọ tó ń bọ̀ láìfi orí gbá ògiri. Ní 1929, R. H. Park kọ́ wa bí a ṣe lè fi ojú ẹni tó jókòó sórí rótọ̀ wo gbogbo ẹ̀rọ náà, kí ohun tó ń sáré lè dà bí ohun tó dúró. Àwòṣe oníṣirò wọ̀nyí dára tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ ṣì ń lò wọ́n lónìí.

Ṣùgbọ́n wọ́n ní àléébù kan náà. Gbogbo wọn gbà pé ọ̀pá inú rótọ̀ jọra, wọ́n sì da gbogbo wọn pọ̀ di ẹyọ kan. Àwòṣe tó bá ti gbà pé gbogbo ọ̀pá jọra, báwo ló ṣe máa sọ fún ẹ pé ọ̀kan ti kán? Ẹ̀yin tí ẹ bá mi kẹ́kọ̀ọ́ á rántí irú àléébù yìí. Nígbà tí a bá kọ ohùn òkè, ohùn àárín àti ohùn ìsàlẹ̀ sílẹ̀ lórí ìwé, a ti pa ohùn ìyá arúgbó tí ikọ́ ń ṣe rẹ́ pọ̀ mọ́ ti ọmọ ọdún mẹ́wàá. Ó wúlò fún gírámà. Kò wúlò fún dókítà tó ń wá ibi tí ikọ́ wà.

Bẹ́ẹ̀ àpẹẹrẹ ti yọ láti ìgbà pípẹ́. Ní 1896, Hans Görges ní Jámánì ṣàkíyèsí pé bí ọ̀nà iná inú rótọ̀ kò bá dọ́gba, mọ́tò lè máa lọ ní nǹkan bí ìdajì eré rẹ̀, kó sì kọ̀ láti yára jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ohun kan ń fà á sẹ́yìn nínú lọ́hùn-ún. Ní 1918, Charles Fortescue fún wa ní gírámà tí a fi lè sọ ohun náà. Ó fi hàn pé iná féèsì tí kò dọ́gba, bó ti wù kó wọ́ tó, a lè tú u sí apá tó ń yí síwájú, apá tó ń yí sẹ́yìn, àti apá kan tí kì í yí. Kì í ṣe nítorí rótọ̀ tó kán ló ṣe ṣe é. Ọ̀rọ̀ tó dá fún ilé kan ló wá wúlò ní ilé kejì.

Ẹ wá wò ó. Bí ọ̀pá gbogbo bá pé, òòfà rótọ̀ ń yí síwájú nìkan. Ọjọ́ tí ọ̀kan bá kán, ìdọ́gba bàjẹ́, òòfà kékeré kan tó ń yí sẹ́yìn á jáde. Nínú pọ́ǹpù wa, iná rótọ̀ ń lọ ní 1 Hz. Eré rótọ̀ fúnra rẹ̀, bí a bá fi ojú iná wò ó, jẹ́ 49. Òòfà tó ń yí síwájú: 49 àti 1, ó di 50, ó bá ti sítétọ̀ mu. Òòfà tó ń yí sẹ́yìn: 49 yọ 1, ó ku 48. Nítorí náà ohùn àjèjì kan á wọ inú wáyà sítétọ̀ ní 48 Hz, lẹ́gbẹ̀ẹ́ 50 tó yẹ kó dá wà níbẹ̀. Àwọn méjèèjì á máa fa ara wọn. Agbára mọ́tò á máa lọ sókè á máa wá sílẹ̀, eré rẹ̀ náà á máa gbọ̀n díẹ̀, ìgbọ̀n yẹn á sì bí ohùn kẹta ní 52.

Ìyàtọ̀ 50 sí 48 jẹ́ 2. Ẹ̀ẹ̀mejì ní ìṣẹ́jú àáyá kan ni ìró mọ́tò náà ń wú tó sì ń fà. Ẹ ti gbọ́ agogo méjì tí ohùn wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba tí kò dọ́gba tán rí, bí ìró wọn ṣe máa ń mì? Òun náà ni. Hùn-ùn, hùn-ùn. Mọ́tò ń mí. Bàbá Oníná kò purọ́, kò sì fi ẹnu àfiwé sọ̀rọ̀. Ó ka ohun tó gbọ́ fún wa bó ṣe rí gan-an, àwa ni a kò ní etí.

Nígbà tí ojú rí ohun tí etí ti gbọ́

Kì í ṣe Bàbá nìkan o. Àwọn tó ń tọ́jú mọ́tò ti mọ̀ tipẹ́ pé abẹ́rẹ́ mítà kọ́rẹ́ǹtì máa ń fì lọ fì bọ̀ díẹ̀díẹ̀ bí rótọ̀ bá ti kán. Ohun tó kù ni bí a ṣe máa ka ìfìlọ-fìbọ̀ náà sórí ìwé, kó má jẹ́ etí ẹnìkan péré ni a ó gbára lé.

Ibí yìí ni ọ̀nà tiwa àti tiwọn ti pàdé. Joseph Fourier kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀ lórí ooru ní 1822 pé a lè tú ohunkóhun tó ń gbọ̀n sí àkójọpọ̀ ìgbọ̀n kéékèèké tó rọrùn. Ní ọdún 1940 sí 1949, àwọn ará Bell ní Amẹ́ríkà ṣe ẹ̀rọ spectrograph tó ń ya àwòrán ohùn èèyàn sórí ìwé. Ìwé tí wọ́n kọ lé e lórí jáde ní 1947. Òun ni ìpìlẹ̀ àwòrán ohùn tí mo máa ń fi hàn yín, tí ẹ fi ń rí bí ohùn ìsàlẹ̀ ṣe ń rọ lọ sílẹ̀. Ní 1965, James Cooley àti John Tukey gbé ọ̀nà ìṣirò kan jáde tó mú kí kọ̀ǹpútà lè ṣe ìtúpalẹ̀ Fourier kíákíá. Láti ìgbà náà, ohun tó ń gba ọjọ́ tẹ́lẹ̀ wá di ohun ìṣẹ́jú díẹ̀.

Àwọn oníná gbà á lọ́wọ́ wa, tàbí ká kúkú sọ pé ẹnu odò kan náà la ti jọ pọn omi. Ní 1982, Hargis, Gaydon àti Kamash gbé iṣẹ́ kan kalẹ̀ níbi àpérò ní Lọ́ńdọ̀nù lórí bí a ṣe lè mọ rótọ̀ tó ní àìsàn. Lọ́dún kan náà, Williamson àti Smith tẹ ìṣirò jáde nípa mọ́tò tí ọ̀pá rẹ̀ kán tàbí tí òrùka rẹ̀ là. Ní Aberdeen ní Skọ́tíláǹdì, níbi tí àwọn elépo ti ń wa epo nínú Òkun Àríwá, W. T. Thomson sọ ọ́ di iṣẹ́ ọwọ́: a ó fi ohun èlò kan tó dà bí ẹ̀mú há wáyà mọ́tò lọ́rùn láìtú nǹkan kan, láìdá iṣẹ́ dúró, a ó gba kọ́rẹ́ǹtì rẹ̀ sílẹ̀, a ó sì tú u palẹ̀. Láàárín òkun, tí mọ́tò bá kú lójijì, owó ńlá ló ń bá a lọ. Ní 1988, Kliman àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní General Electric náà tẹ tiwọn jáde.

Ohun tí wọ́n ń wá ni ohùn ẹ̀gbẹ́ méjèèjì yẹn, 48 àti 52 nínú àpẹẹrẹ wa. Ohùn náà kéré gan-an. Bó bá ti tó nǹkan bí ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún ohùn 50, ọ̀pọ̀ onímọ̀ ẹ̀rọ á ti bẹ̀rẹ̀ sí í fura. Ṣùgbọ́n wàhálà wà níbẹ̀, wàhálà tí àwa onífònẹ́tíìkì mọ̀ dáadáa. Láti ya ohùn méjì tó sún mọ́ra sọ́tọ̀, o ní láti fetí sílẹ̀ pẹ́. Láti ya 48 kúrò lára 50, ó gbọ́dọ̀ ju ìdajì ìṣẹ́jú àáyá lọ. Ṣùgbọ́n bí mọ́tò kò bá gbé ẹrù, ìfàsẹ́yìn rẹ̀ lè kéré débi pé ohùn ẹ̀gbẹ́ wà ní 49.8. Ìyẹn gbà ju ìṣẹ́jú àáyá márùn-ún lọ, ẹrù náà kò sì gbọ́dọ̀ yí padà ní gbogbo àkókò yẹn. Yàtọ̀ sí èyí, mọ́tò tí kò gbé ẹrù kò ní iná púpọ̀ nínú ọ̀pá, nítorí náà ọ̀pá tó kán lè dákẹ́ síbẹ̀ bí ẹni tí kò sí nílé. Bẹ́ẹ̀ sì ni ẹ̀rọ tó ń lọ nǹkan, tí ẹrù rẹ̀ ń wúwo tó ń fúyẹ́, lè mú ohùn tó jọ ti ọ̀pá tó kán jáde nígbà tí rótọ̀ rẹ̀ sì le koko. Ẹ rí i pé ìwé náà lè gbọ́ àgbọ́yé, ó sì lè gbọ́ àṣìgbọ́.

Kí ló dé tí àwọn èèyàn fi máa ń gbàgbé rótọ̀? Ìwádìí tí wọ́n ṣe lórí mọ́tò ńlá ní Amẹ́ríkà láàárín 1980 sí 1990 fi hàn pé nínú mẹ́wàá tó bá bàjẹ́, bíi mẹ́rin jẹ́ ti bẹ́ríìnì, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó mẹ́rin mìíràn tó jẹ́ ti kọ́ìlì sítétọ̀, nǹkan bí ẹyọ kan péré ló jẹ́ ti rótọ̀. Ìgbìmọ̀ wa kò ya òpè tán nígbà tó kọ́kọ́ sáré lọ wé kọ́ìlì. Ibi tí a ti ya òpè ni pé ẹni tó dúró ti mọ́tò náà lójoojúmọ́ ti sọ èyí tó jẹ́ fún wa.

Nígbà tí ọ̀pá kọ̀ọ̀kan gba orúkọ tirẹ̀

Ní 1995, Hamid Toliyat àti Thomas Lipo tẹ iṣẹ́ kan jáde tó tún àléébù àtijọ́ yẹn ṣe. Lipo wà ní Yunifásítì Wisconsin ní Madison nígbà náà. Dípò kí wọ́n da gbogbo ọ̀pá pọ̀, wọ́n fún àlàfo kọ̀ọ̀kan láàárín ọ̀pá méjì ní ìdọ́gba tirẹ̀. Bí rótọ̀ bá ní ọ̀pá 28, ìdọ́gba 28 ni, pẹ̀lú ọ̀kan sí i fún òrùka. Ẹ jẹ́ ká fi wé ilé onípalọ́ọ̀ ọlọ́pọ̀ yàrá: ọ̀pá kọ̀ọ̀kan ni ògiri tó pín yàrá méjì. Bí ọ̀pá kan bá kán, ògiri wó, yàrá méjì di ọ̀kan, iná tó ń gba ibẹ̀ kọjá á wá ọ̀nà mìíràn.

Ọ̀nà mìíràn wo? Ara aládùúgbò ni. Àwọn ọ̀pá tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ èyí tó kán ló máa ń gbé ẹrù rẹ̀ kún tiwọn. Wọ́n á gbóná sí i, wọ́n á fẹ̀ sí i, ìdí wọn lára òrùka á bẹ̀rẹ̀ sí í là. Bí ará ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò búburú, hẹ̀rẹ̀-huru rẹ̀ kò ní jẹ́ ká sùn lóru. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ mẹ́ta ni a bá nínú pọ́ǹpù wa. Mo gbà pé ẹyọ kan ni ó jẹ́ lọ́jọ́ tí Bàbá Oníná gbé sukurudíráfà létí. A kò lè mọ̀ dájú mọ́, ṣùgbọ́n bí àìsàn náà ṣe máa ń rìn nìyẹn.

Ohun tó wà lẹ́yìn ẹfà

Àwọn àgbà ní ohun tó wà lẹ́yìn ẹfà, ó ju èje lọ. Ta ló sọ pé féèsì gbọ́dọ̀ jẹ́ mẹ́ta? Iná ìlú ló sọ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí ẹ̀rọ tó ń fi iná jíjẹ bọ́ mọ́tò dé, tí a lè ṣe iye féèsì tó bá wù wá, ìdí yẹn yẹ̀. Ní 1969, Ward àti Härer tẹ àbájáde mọ́tò oníféèsì márùn-ún jáde. Ohun tí wọ́n rí ni pé agbára rẹ̀ kì í gbọ̀n tó ti oníféèsì mẹ́ta. Èrè kejì tún pọ̀ jù ú lọ: bí féèsì kan bá kú, mẹ́rin tó kù lè gbé mọ́tò náà délé. Ọkọ̀ ojú omi ológun Type 45 ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ń lo mọ́tò induction oníféèsì 15, tí agbára ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ mẹgawáàtì 20. Ọwọ́ àwọn tiwa náà wà nínú iṣẹ́ yìí. Ọ̀jọ̀gbọ́n Olorunfemi Ojo, tó kàwé ní Yunifásítì Ahmadu Bello ní Zaria kó tó lọ gba oyè ọ̀mọ̀wé ní Wisconsin, ti kọ̀wé lórí ẹ̀rọ tí sítétọ̀ rẹ̀ ní kọ́ìlì ìdìpọ̀ méjì.

Ṣùgbọ́n féèsì tó pọ̀ kò ní kí ọ̀pá rótọ̀ má kán. Sítétọ̀ ló ní àrọ́pò, àgò ọ̀kẹ́rẹ́ kan ṣoṣo náà ló wà nínú. Ó tiẹ̀ tún mú ìṣòro tuntun wá. Mọ́tò wọ̀nyí ní kọ̀ǹpútà tó ń ṣọ́ wọn, iṣẹ́ kọ̀ǹpútà náà sì ni kí kọ́rẹ́ǹtì máa lọ geere. Bí ohùn àjèjì bá fẹ́ yọ nínú kọ́rẹ́ǹtì, kọ̀ǹpútà á sáré tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Àìsàn wà, àmì rẹ̀ ti lọ, bí ibà tí a lo oògùn ẹ̀fọ́rí bò mọ́lẹ̀. Àwọn olùwádìí wá rí i pé àmì náà kò parẹ́ ní tòótọ́. Inú fóltéèjì tí kọ̀ǹpútà fi ń tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ ni ó sá pamọ́ sí. Níbẹ̀ ni kí a lọ wá a. Nínú mọ́tò oníféèsì márùn-ún, àǹfààní kan tún wà: ìró ìlọ́po kẹta, tí kì í rí iṣẹ́ ṣe nínú oníféèsì mẹ́ta, lè ní òòfà tirẹ̀ tó ń yí. Nítorí náà ọ̀pá tó kán lè gba ẹnu méjì sọ̀rọ̀. Ẹni tí kò bá gbọ́ ti àkọ́kọ́ lè gbọ́ ti èkejì, bó bá mọ ibi tó yẹ kó fetí sí.

Ní ilé tiwa

Kí ni èyí kàn wá? Ó kàn wá ju ará Aberdeen lọ. Nígbà tí mọ́tò bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gbéra nílẹ̀, kọ́rẹ́ǹtì tó ń fà máa ń tó ìlọ́po márùn-ún sí méje ti ìgbà tó bá ti ń lọ. Ìgbà yẹn ni ọ̀pá ń gbóná jù, ìgbà yẹn ni ìdí rẹ̀ ń fà ya. Ìdí nìyẹn tí àwọn tó ń ṣe mọ́tò ńlá fi máa ń kọ iye ìgbà tó yẹ kó gbéra láàárín wákàtí kan. Ẹ wá ro mọ́tò tó ń gbé lọ́dọ̀ wa. NẸ́PÀ mú iná lọ, NẸ́PÀ mú iná dé. Ó tún lọ, ó tún dé. Àwa ń pariwo ayọ̀ lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Ọ̀pá rótọ̀ ń là lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Orúkọ ilé iṣẹ́ iná ti yí padà bíi mélòó kan, ohun tó ń ṣe rótọ̀ kò yí padà.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ wà níbi iṣẹ́ ẹ̀rọ, ẹ kò nílò ohun èlò olówó ńlá láti bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀rọ tó ń gba ohùn sílẹ̀ nínú fóònù yín, àti ètò kọ̀ǹpútà tí àwọn onífònẹ́tíìkì ń lò lọ́fẹ̀ẹ́, lè fi ìmí mọ́tò hàn yín bí ọ̀rọ̀ bá ti wọ̀ ọ́ lára. Kò ní fún yín ní ẹ̀rí tó tó ti kọ́rẹ́ǹtì, ṣùgbọ́n ó tó láti sọ fún ìgbìmọ̀ kan pé kí wọ́n fa rótọ̀ yọ kí wọ́n tó wé kọ́ìlì lẹ́ẹ̀kejì.

Ohun tó ń dùn mí jù nínú ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe owó kọ́ìlì. Ọ̀rọ̀ ìmọ̀ ni “mí” jẹ́ lẹ́nu Bàbá Oníná. Ó ní ìtumọ̀ pàtó: ìró tó ń wú tó sì ń fà léraléra, tó ń wá láti inú rótọ̀, tó sì yàtọ̀ sí híhan bẹ́ríìnì àti sí ìkùn kọ́ìlì. Bí mo bá gbọ́ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ lẹ́nu ọdẹ tàbí lẹ́nu ahunṣọ, inú ìwé ni mo máa kọ ọ́ sí, mo máa béèrè ọ̀rọ̀ mẹ́wàá mìíràn tó bá a rìn. Torí pé lẹ́nu òṣìṣẹ́ pọ́ǹpù ni mo ti gbọ́ ọ, mo fi rẹ́rìn-ín. Mélòó nínú irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ni àwọn rewáyà, àwọn mẹkáníìkì, àwọn onílọta wa ní, tí ẹnikẹ́ni kò tíì kọ sílẹ̀? Ẹ̀yin tí ẹ ń wá àkòrí fún iṣẹ́ àpilẹ̀kọ, ẹ lọ bá wọn ní ṣọ́ọ̀bù. Ẹ mú ìwé dání, ẹ sì mú sùúrù dání.

Bàbá, bí ẹ bá wà láyé, tí ọmọ tàbí ọmọ-ọmọ yín kan sì ka èyí sétí yín: òótọ́ lẹ sọ. Mọ́tò náà ń mí. Ẹ̀ẹ̀mejì ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú sí wa.

Ó dìgbà kan ná.